Ẹ̀RÍN ÀTI Ẹ̀SÍN
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa ní Ìwó

 Bí a tilẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọdé ni àwa jẹ́ níwájú ọ̀pọ̀ nínú yín. Ọmọdé kì í sì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà láìtọrọ gáfárà. Ẹ gbà wá láàyè.

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí eré sinimá àti ìwà àwọn ọ̀dọ́, a rò pé ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ ni pé kí a wá bá àwọn ọ̀dọ́ wí. Ó rọrùn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, ohun kan tí a sì ti rí ni pé ìbáwí tí kò bá kọ́kọ́ ba abániwí fúnra rẹ̀ kì í wọ ọmọ létí. Nítorí náà, ìbáwí tí a mú wá ní òní, ara wa ni yóò kọ́kọ́ bà. Eré apanilẹ́rìn-ín kan ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

A kò ní parọ́ fún yín nípa bí a ti ṣe rí eré náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni a bá ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n kó ara wọn jọ sí ìdí fóònù kan, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, a sì mú un lọ sí ilé láti mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó wa yóò fi jí, ó bi wá léèrè ohun tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín ní òru.

Áísíláǹdì, erékùṣù olótùútù kan ní ìhà àríwá ayé, ni eré náà ti wá. Ní ọdún 2005 ni ọ̀gbẹ́ni Róbert Douglas gbé e jáde. Àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà nígbà náà kò tó 300,000. Nítorí náà kì í ṣe eré tí a fi òbítíbitì owó ṣe bí ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìtàn Ottar Thor ni, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ KR ní Reykjavík, olú-ìlú wọn. Ó sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé ọkùnrin bíi tòun ni ọkàn òun ń fà sí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pa á tì. Ó sì lọ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kékeré kan tí kì í gba owó, tí ó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tí kò wá ohun mìíràn ju pé kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láìsí ẹni tí yóò máa bú wọn.

Eré apanilẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín agbábọ́ọ̀lù náà, nítorí pé ó fẹ́ràn kí gbogbo ojú máa wo òun. A rẹ́rìn-ín ìyàwó rẹ̀ àtijọ́, ẹni tí ó ti gba oyè arẹwà orílẹ̀-èdè wọn rí, tí ọtí sì ti wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀. A rẹ́rìn-ín àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́, tí ẹ̀rù ohun tí ayé yóò wí ń bà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ tí ń bàlágà, tí ojú ń tì nítorí ohun tí a ń sọ nípa baba rẹ̀, ẹ̀rín a dúró ní ọ̀nà ọ̀fun. Orúkọ tí wọ́n sọ eré náà ní èdè wọn ni Strákarnir okkar, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe "Àwọn Ọmọkùnrin Wa". Ẹni tí ó sọ ọ́ ní orúkọ kò wí pé àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn. Wa ni ó wí. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó mú wa dìde wá síwájú yín.

Èdè tiwa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí. A máa ń wí pé a bá ènìyàn rẹ́rìn-ín; a sì máa ń wí pé a fi ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a bá rẹ́rìn-ín jókòó tì wá. Ẹni tí a fi rẹ́rìn-ín ti di ohun èlò ní ọwọ́ wa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ọ̀bẹ gé ẹran. Èkíní ni ẹ̀rín. Èkejì ni ẹ̀sín.

Àwọn baba wa mọ ẹ̀rín. Ní ọdún 1826, nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland nì, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin, àwọn eégún apidán ṣeré níwájú rẹ̀. Nínú eré náà ni òyìnbó kan ti jáde, ó funfun bí ẹfun, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń ra ọwọ́ pọ̀, ó sì ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn ènìyàn ń bẹ àlejò náà pé kí ó wò ó dáadáa. Clapperton wò ó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹni tí ó ṣe eré náà mọ̀ ọ́n ṣe. Àlejò ni ẹni tí a ń sín jẹ, ṣùgbọ́n a fún un ní ìjókòó, a sì pè é kí ó wá bá wa rẹ́rìn-ín. Ní ìgbà tiwa náà, Moses Ọláìyá ará Ìlẹ́ṣà, Bàbá Sàlá wa tí ó kú ní ọdún 2018, ẹni tí ó fún wa ní sinimá Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, ara rẹ̀ ni ó máa ń sọ di ẹni ẹ̀rín kí ó tó kan ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ẹ̀sín ṣe fún ọmọ kan tí ó ń jẹ́ orúkọ wa.

Ní oṣù kejì ọdún 1961 ni a bí Justin Fashanu ní Hackney, ní Lọ́ńdọ̀nù. Amòfin ọmọ Nàìjíríà ni baba rẹ̀. Ará Guyana ni ìyá rẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é ní ilé: Fáṣànú, èyí ni pé Ifá ṣe àánú. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ilé tí ó ti rí àánú gbà ni ó ń sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n baba àti ìyá kọ ara wọn sílẹ̀, Justin àti John àbúrò rẹ̀ sì bọ́ sí ilé ìtọ́jú ọmọ ti Barnardo. Láti ibẹ̀ ni tọkọtaya òyìnbó kan ní abúlé Shropham, ní Norfolk, ti gbà wọ́n tọ́. Inú ilé tí a kò ti ń sọ èdè wa ni ọmọ Fáṣànú gbé dàgbà.

Bọ́ọ̀lù ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní oṣù kejì ọdún 1980, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Norwich City, ó gbá góòlù kan wọlé Liverpool tí a fi yàn án pé kò sí irú rẹ̀ ní sáà náà. Ní ọdún 1981 Nottingham Forest san mílíọ̀nù kan pọ́ùn lórí rẹ̀. Kò sí agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti san iye bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀ rí. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀sín bẹ̀rẹ̀. Brian Clough, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, gbọ́ pé ó máa ń lọ sí ilé ijó àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin. Ó bá a wí pẹ̀lú ìwọ̀sí, ó sì lé e kúrò níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ìdánrawò. Ní òpin ọdún 1982, ẹni tí a rà ní mílíọ̀nù kan ni a tà ní 150,000 pọ́ùn fún Notts County. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí èkejì, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Amẹ́ríkà àti Kánádà, àti Scotland pẹ̀lú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1990 ó jẹ́ kí ìwé ìròyìn The Sun gbé e jáde pé ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin ni òun. Òun ni agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba nígbà tí ó ṣì ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Láàrin oṣù kan náà, àbúrò rẹ̀ sọ nínú ìwé ìròyìn àwọn ènìyàn dúdú kan ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ọ̀la, ọ̀rọ̀ náà di àbámọ̀ fún àbúrò náà. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ní ọdún 1998, nígbà tí ó wà ní Maryland ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan fi ẹ̀sùn kàn án pé ó bá òun ṣe ìṣekúṣe pẹ̀lú ipá. Ẹ̀sùn ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣeré. Fashanu padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kárùn-ún a bá òkú rẹ̀ nínú gáréèjì kan ní Shoreditch. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, ní ọmọ ọdún 37. Nínú ìwé tí ó kọ sílẹ̀ ó sẹ́ ẹ̀sùn náà, ó sì wí pé a ti dá òun lẹ́bi kí a tó gbọ́ ti ẹnu òun. Ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí náà kì í ṣe tiwa láti dá a. Ohun tí ó dá wa lójú ni pé ẹni tí a ti fi ṣe ẹ̀sín fún ọdún mẹ́tàdínlógún kì í retí pé ẹnikẹ́ni yóò gbọ́ àlàyé òun.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ní ọdún 1991, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Fashanu sọ̀rọ̀, ni àwọn ọkùnrin kan dá ẹgbẹ́ Stonewall sílẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù irú èyí tí sinimá náà sọ ìtàn rẹ̀. Wọn kò gba owó. Pápá àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wá. Ẹgbẹ́ náà kò kú títí di òní. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọkùnrin tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di oṣù kárùn-ún ọdún 2022 kí ẹlòmíràn tó sọ ohun tí Fashanu sọ nígbà tí ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù: Jake Daniels ti Blackpool, ọmọ ọdún 17. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ó lé ni ó wà láàrin wọn. Ní ọdún 2020 ni a tó kọ orúkọ Fashanu sí ara àwọn ẹni ọlá ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin John, Amal, ti gba orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà yìí rò gidigidi. Ní ìkẹyìn, ẹ̀jẹ̀ Fáṣànú ni ó pe Fáṣànú ní tiwa.

Ẹnìkan lè wí pé: Àṣà òyìnbó ni èyí; kí ni ó kàn wá? Èsì wa ni pé Fáṣànú kì í ṣe orúkọ òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni Eudy Simelane kì í ṣe òyìnbó, obìnrin tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún South Africa, tí kò fi pamọ́ pé obìnrin ni òun fẹ́ràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008 àwọn ọkùnrin fi ipá bá a lò, wọ́n sì gún un ní ọ̀bẹ pa ní KwaThema, ìlú rẹ̀. Ẹlòmíràn lè wí pé: Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ṣé ẹ ti yí ìwàásù yín padà ni? Rárá o. Ohun tí ìjọ wa ń kọ́ni nípa ìgbéyàwó ni àwa náà ń kọ́ni. Àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé ìlú yìí pẹ̀lú mọ ohun tí ẹ̀sìn wọn wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú obìnrin kan wá síwájú Olúwa wa pé kí a sọ ọ́ ní òkúta, kò bá wọn fi í ṣe ẹlẹ́yà, kò sì bá wọn he òkúta. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka kọ̀wé ní ilẹ̀, títí wọ́n fi lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú Ìwé kan náà ni ìwàásù yìí wà.

Ẹ̀yin amòfin tí ó wà láàrin wa mọ òfin tí Ààrẹ Jonathan fi ọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014. Ọkùnrin tí ó bá gbé ọkùnrin ní ìyàwó yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tí ó bá dá ẹgbẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí ó bá kópa nínú rẹ̀, yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Nítorí náà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó pa wá lẹ́rìn-ín nínú sinimá náà, bí ó bá jẹ́ pé ní Ìwó ni wọ́n ti kó ara wọn jọ, ẹ̀wọ̀n ni ibi tí wọn ìbá ti parí eré. Olóòótọ́ ará ìlú ni wá, a kì í sì í kọ́ni láti rú òfin. Ṣùgbọ́n àwa kò lè fi òtítọ́ ọkàn wí pé ọdún mẹ́wàá bá ẹni tí ó lé bọ́ọ̀lù lórí pápá mu. Òfin náà kò sì pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti bọ́ aṣọ ẹni kejì ní títì, tàbí láti lù ú, tàbí láti fi ìhàlẹ̀ gba owó ní ọwọ́ rẹ̀. A mọ̀ pé irú nǹkan wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo sinimá tiwa náà. Ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa kan ṣe eré tí wọ́n pè ní Ìfé, tí ó sọ̀rọ̀ obìnrin méjì tí ó fẹ́ràn ara wọn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, àjọ tí ń yẹ sinimá wò kìlọ̀ pé ẹ̀wọ̀n lè wà fún ẹni tí ó bá gbé e jáde láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n eré tí a fi ọkùnrin tí ń rìn jẹ́jẹ́ ṣe ẹ̀sín wà ní ọjà, àwọn ọmọ wa sì ń kọ́ ọ sórí. Ìlú odídẹrẹ́ ni Ìwó. Ta ni yóò sọ fún wa pé ohun tí a bá ń wí ní etí ẹyẹ ni ẹyẹ yóò máa wí?

Ó kù ìtàn tiwa, èyí tí a wí pé yóò ba ara wa. Ní nǹkan bí ọdún 25 sẹ́yìn, a jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè yìí, àwa sì ni rẹfirí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọkùnrin kan wà tí ń ṣọ́ ilé, ọwọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá. Ohùn rẹ̀ tinrín, ìrìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìyàwó. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti fò mú bọ́ọ̀lù, gbogbo ẹ̀bá pápá bú sí orin tí wọ́n fi ṣẹ̀sín rẹ̀. Fèrè wà ní ẹnu wa. A kò fọn ọ́. Ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé a rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì rí wa. Ọjọ́ náà ni ó wọ pápá mọ. Kí sáà tó parí ó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni a pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ní Ìbàdàn. Ó ti di géńdé, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó gba àpò wa gbé. A bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì nítorí ariwo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: "Tíṣà, ariwo wọn kọ́. Fèrè yín ni mo ń retí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ wa dé. A kò mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú àwọn tí òyìnbó ń ṣe sinimá nípa wọn ni. A kò bi í, kò sì yẹ kí a bi í. Ọmọ wa ni. Èyí nìkan ni ó yẹ kí a ti mọ̀ ní ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọmọ kan ṣe ẹ̀sín níṣojú yín. Ẹ fọn fèrè. Ẹ̀yin Olóyè, nígbà tí a bá wọ́ ẹnìkan wá sí iwájú yín pẹ̀lú ariwo nítorí irú ọ̀ràn yìí, ẹ gbà á sílẹ̀ kúrò ní ọwọ́ àwọn tí ń lù ú kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹ̀yin tí ẹ ní owó tí ẹ fi ń ran àwọn onísinimá lọ́wọ́, ẹ bèèrè ìwé ìtàn wọn, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹ̀sín.

Àwọn baba wa kò wí pé ọmọ kì í ṣe ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ohun tí wọ́n wí ni pé ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ. Àti pé bí a bá fi ọwọ́ òsì ba ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Àwọn ará Áísíláǹdì pe tiwọn ní Àwọn Ọmọkùnrin Wa. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ni orúkọ Fáṣànú má ṣe kẹ́yìn nínú àánú.

 Kí Ọlọ́run bùkún ìlú Ìwó. Àṣẹ.